Ọjọ́ Tí Pápá Kùtọnu Ṣílẹ̀kùn

"Góòlù!" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù onídìrí tó wà ní Rye Lane nílùú òyìnbó dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Mìsítúrà nìkan ni kò pariwo. Irun oníbàárà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wú láti àárọ̀. Ibi tó ti gbójú sókè ni ojú rẹ̀ ti ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti ọkùnrin kan tó wọ jẹ́sì yẹ́lò ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà. Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá góòlù sílé wọn ni, síbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Mìsítúrà gbàgbé irun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó tọ́ka sí tẹlifíṣọ̀n. "Ṣé pápá Kùtọnu nìyẹn?"

"Rárá o, ilé onílé ni. Wọ́n ṣì ń tún tiwa ṣe. Ìlú wa kéré, nílé nílé náà, àlejò la jẹ́."

Làtíìfù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní Surrey Quays. "Ọjọ́ tí pápá wa bá ṣílẹ̀kùn ni màá lọ sílé," ló wí. "Ó ti rẹ̀ mí."

Ẹ̀kọ́ ilé ló kó bá Mìsítúrà. Ó rí i pé ó jù ú lọ, ló bá ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bùròdá Làtíìfù." Ó parí! Láti ọjọ́ náà ló ti di "àbúrò mi." Bí Làtíìfù bá ra súyà, á ra tirẹ̀. Ó tiẹ̀ ń bá a wá ọkọ ní mọ́ṣáláṣí!

"Ìwọ lo fi ẹnu ara ẹ sọ ọ́ di ẹ̀gbọ́n," Aunty Àsúmáù, ọ̀gá rẹ̀, fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Fi ẹnu náà tú u."

Ẹnu kọ̀. Ó kọ lẹ́tà sí i, ṣùgbọ́n inú báàgì ló ń gbé e kiri títí ìpara irun fi ta sí i lára.

Àfi bí Làtíìfù ṣe já wọlé lánàá. "Pápá ti ṣetán! Lọ́la ni mò ń lọ."

"Ṣé ẹ máa padà?"

"Kí ni mo fi sílẹ̀ síbí, àbúrò mi?"

Òní rèé, Mìsítúrà dúró ní ibùdókọ̀ rélùwéè Peckham Rye, oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Rélùwéè ti ń bọ̀. Làtíìfù ti gbé báàgì rẹ̀, ó wọ jẹ́sì yẹ́lò náà.

"Bùrò..." Ó gbé ìyókù mì. "Làtíìfù."

Ọkùnrin náà yí padà, ẹnu yà á. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Mìsítúrà na lẹ́tà sí i.

"Ṣé kí n bá ẹ mú un dé ilé ni?"

"Rárá. Ìwọ ni mo kọ ọ́ sí."

Ó gbà á.