Èjìká Ọmọ Ọba

Èmi ni télọ̀ inú bárékè nígbà ogun. Ipò tí wọ́n bá fún ọ̀gá ológun, èmi ni mo ń rán àmì rẹ̀ mọ́ ọn léjìká. Bí wọ́n bá gbà á, èmi náà ni mo ń tú u.

Ọmọ ọba kan wà láàárín wọn. Ìràwọ̀ kan ló fi bẹ̀rẹ̀. Kí ọdún tó yí po, ó di mẹ́ta. Ojú rẹ̀ kì í sá fún ìbọn. Àmì adé, tó ju ìràwọ̀ lọ, ló kù. Àmọ́ àbúrò rẹ̀, ọmọ orogún ìyá rẹ̀, wà nínú ikọ̀ kan náà. Bí àbúrò bá ń kọjá, àwọn sójà á hó yèè. Bí ẹ̀gbọ́n bá ń kọjá, wọ́n á kí i bí òfin ṣe wí.

"Télọ̀, kí ni wọ́n rí lára ọmọ yẹn?" ó bi mí, bí mo ti ń wọn aṣọ sí i lára.

"Ó máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni, sà."

"Ẹ̀rín la fi ń jagun?"

"Rárá o, sà. Ẹ má mira. Abẹ́rẹ́ ò mọ ọmọ ọba."

Kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fi í ṣe olórí ikọ̀. Wọ́n ní bí ó bá gba òkè tó wà létí odò, adé di tirẹ̀. Ó rán àbúrò ṣáájú. Àbúrò gba òkè náà. Gbogbo bárékè ń pariwo àbúrò.

Ọmọ ọba já wọ ṣọ́ọ̀bù mi. "Rán adé náà sí mi léjìká."

"Sà, wọn ò tíì kéde rẹ̀. A kì í rán an ṣáájú ìkéde."

"Rán an! Ọ̀gágun àgbà ń bọ̀ pẹ̀lú ayàwòrán. Èmi ni wọ́n máa bá lórí òkè yẹn, kì í ṣe ọmọ ìyàwó kékeré."

Mo rán an.

Ó pe àbúrò lórí rédíò pé kó kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká dúró títí ẹ ó fi dé."

"Àṣẹ ni mo pa."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Kí ọmọ ọba tó dé ẹsẹ̀ òkè, ọ̀tá ti gba ẹ̀yìn gùn ún. Ìbọn ló kí ọ̀gágun àgbà káàbọ̀. Òkú sùn lọ́jọ́ náà.

Ẹjọ́ ọmọ ọba kò pẹ́. Ó dúró níwájú àwọn adájọ́ pẹ̀lú adé tí ẹnikẹ́ni kò fún un. Wọ́n gba gbogbo rẹ̀, àti ìràwọ̀.

Mo tú u. Oòrùn ti mú kí aṣọ náà ṣá. Àyè àwọn ìràwọ̀ nìkan ló ṣì dúdú.

Ó wá gba aṣọ náà fúnra rẹ̀. Ó rí aṣọ mìíràn lórí tábìlì, tòun ti adé.

"Ti ta ni?"

"Ti àbúrò yín, sà. Wọ́n kéde rẹ̀ láàárọ̀."

"Ṣé èjìká rẹ̀ fẹ̀ ju tèmi lọ ni?"

"Bákan náà ni. Baba kan ló bí yín."

Àbúrò yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti bá yín wá mọ́tò tó máa gbé yín délé."

Ọmọ ọba wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Mo ní ẹsẹ̀."

Àwọn sójà ti ń hó níta. Ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà jáde.