Okùn Àwọ̀n Lápá Kóòtù

Bí Enid Purvis bá tún kóòtù ṣe, ẹ ò ní mọ ibi tó ti ya mọ́ láé. Yàrá àtúnṣe ilé-iṣẹ́ Thirlaway ní North Shields, létíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló darúgbó sí, níbi tí wọ́n ti ń rán kóòtù tí wọ́n fi ìda pa, èyí tí òjò máa lù títí tá á fi sú òjò fúnra ẹ̀. Òfin kan ló wà ní yàrá yẹn: kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ kan aṣọ kankan, wọ́n á kọ́kọ́ tú gbogbo ohun tí oníkóòtù ti fọwọ́ ara rẹ̀ rán sí i. "Ìránkúrán kì í jáde lórúkọ wa," ni Enid máa ń wí, a sì yínmú.

Lọ́dún tí ilé-iṣẹ́ náà pé ọgọ́rùn-ún ọdún, Rupert Thirlaway tó jogún rẹ̀ fẹ́ káyé rí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ahéré kan létí èbúté ẹja ni bàbá bàbá rẹ̀ ti ń fi òróró pa ògbólógbòó aṣọ ìgbòkun, tó ń rán an tà fáwọn apẹja. Nígbà tó yá, àwọn tó ń gun alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í rà á, ẹ̀yìn ìyẹn làwọn ọlọ́lá tó ń dọdẹ ẹyẹ wá gbà á mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́. Apẹja wo lapá rẹ̀ ká a lónìí? Bóyá ìyẹn ló ń ti Rupert lójú tó fi ní kí wọ́n wá kóòtù apẹja kan tí wọ́n máa gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ àjọ̀dún.

Opó kan tó ń jẹ́ Hilda Stobbs ló gbé ti Ambrose, ọkọ rẹ̀ tó ti kú, wá. Ojú ìyá náà ti ṣú, òjìji lásán ló ń rí.

"Mo yá yín ni o," ló wí. "Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi ló ń gbé. Bí mo bá jí láàárọ̀, mo máa ń fọwọ́ pa á kí n tó gbé omi tíì kaná. Bó ṣe wà yìí ni kẹ́ ẹ ṣe dá a padà fún mi."

"A ti gbọ́, Màmá," ni Rupert dáhùn. Ó yíjú sí Enid. "Ẹ kàn bá wa gbọn eruku ẹ̀ nù, Ẹ̀gbọ́n. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Enid gbọ́. Etí rẹ̀ méjèèjì ló fi gbọ́ ọ.

Àmọ́ nígbà tó tẹ́ kóòtù sórí tábìlì, ó rí apá òsì. Ó ti ya láti ìgbúnwọ́ dé ọrùn ọwọ́, okùn tí wọ́n fi ń tún àwọ̀n ṣe lẹnì kan sì fi so ó pọ̀, kókó-kókó, bí egbò tó jinná sódì. Enid pòṣé. Ṣé èyí làwọn àlejò Lọ́ńdọ̀nù máa wá wò? Ọwọ́ ń yún un. Ó tú u, ó ju okùn sínú pàǹtí tí wọ́n ń kó lọ sun, ó wá aṣọ tó bá a mu, ó rán an, ó yọ́ ìda, ó sì fi pa gbogbo rẹ̀ títí ó fi ń dán. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò ní purọ́. Ó tiẹ̀ ń kọrin sí i. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, àmọ́ ta ló ń rántí òwe nígbà tọ́wọ́ ẹ̀ bá ń ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe?

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, lẹ́yìn tí wọ́n ti mu tíì, Rupert, tí kò wo apá kóòtù náà rí, mú un kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbé e lé Hilda lọ́wọ́ níṣojú gbogbo èèyàn. Ọwọ́ ìyá náà sáré lọ sápá òsì. Ó fi pa á lọ, ó fi pa á bọ̀. Ó gbé e símú.

"Èyí kọ́," ló wí.

"Òun ni, Màmá," ni Rupert dáhùn.

"Ọ̀gbẹ́ni, mo ní èyí kọ́! Lójú agbami ni Ambrose ti rán apá yìí, nínú ìjì. Kò sí kókó ẹ̀ tí mi ò mọ̀. Ta lẹ gbé kóòtù ọkọ mi fún?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. "Ó ti ń ṣarán," lẹlòmíì sọ, kò sì rọra sọ ọ́ tó. Rupert fi kóòtù bo ìyá náà léjìká, ó ń pẹ̀tù sí i bí ìgbà tí wọ́n ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Enid sì wà níbẹ̀ o, tòun ti ife tíì lọ́wọ́! Gbólóhùn kan péré ni. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ ń gbóná, síbẹ̀ obìnrin yìí dákẹ́, wọ́n sì mú ìyá tórí ẹ̀ pé jáde bí ẹni tórí ẹ̀ ti dàrú.

Ibi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ni Enid ti sáré bá a. Òjò ti bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, èmi ni. Èmi ni mo tú u." "Kóòtù yín ni. Mo tú iṣẹ́ Bàbá, mo tún un rán. Ẹ ní ká fi sílẹ̀ bó ṣe wà, mo sì gbọ́. Wọ́n ní ẹ ń ṣarán, mo tún dákẹ́."

Hilda tún fọwọ́ pa apá òsì náà. "Okùn ẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ti sun ún, Mà."

Ìyá náà mí kanlẹ̀. Ó wá ọwọ́ Enid kàn, ó dì í mú pinpin. "O ṣeun, ọmọ mi. Mo ti gbà pé orí mi ti dàrú lóòótọ́. Mo ti ń ro bí màá ṣe sọ ọ́ fọ́mọ mi kí wọ́n tó kó mi lọ sílé àwọn arúgbó. O ṣeun gan-an ni."

Èébú ni Enid ti ń retí. Ká ní ó gbá a létí ni, ì bá sàn. Ọpẹ́ yẹn ló wá dójú tì í pátápátá, ẹkún sì gbà á lẹ́nu.

"Màá tún un ṣe padà bó ṣe wà, Màmá. Màá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta kókó ẹ̀."

"Lọ́dọ̀ ta? Ambrose?" Hilda rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bọ́ọ̀sì dé. Ó bọ́ kóòtù náà, ó ká a dáadáa, ó gbé e lé Enid lọ́wọ́.

"Màmá, òjò ń rọ̀!"

"Gbé e padà sẹ́nu ọ̀nà yín, ọmọ mi," ló wí. "Tiyín ni báyìí."