Ọlọ́wọ́ Mẹ́jọ Nínú Yàrá Qàwíyyàt

Sọ̀fíyátù tú okùn ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó yọjú wò ó. Omi òkun nìkan ló kù níbẹ̀. Ẹran tí orí rẹ̀ tó àgbọn ti lọ, bẹ́ẹ̀ ihò kan ṣoṣo tí wọ́n lu sí ìdérí fún atẹ́gùn kò ju ojú aago ọwọ́ lọ.

Ràshídátù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ń bọ̀ láti Àbíjàn, ló rà á lọ́wọ́ àwọn apẹja ní Bàdágìrì. Púùpù, orúkọ tí wọ́n ń pe ẹran òkun ọlọ́wọ́ mẹ́jọ ní Àbíjàn, ló ń pè é. Ì bá ti pa á kó tó dé Èjìgbò, àmọ́ Bàbá Ìsmáílà, bàbá tó bí Ràshídátù àti ọkọ Sọ̀fíyátù, ti fárígá lórí fóònù: ohun tí kò ní ìpẹ́, tó tún ní ọwọ́ mẹ́jọ, ẹja kọ́, òun ò ní jẹ ẹ́ láìdú. Kí wọ́n dá a sí títí òun yóò fi ti Jímọ̀ dé.

“Bàbá, kò mà ní ọrùn,” ni Ràshídátù wí.

“Ẹ óò wá ọrùn rẹ̀ rí.”

Ipa omi kan fà láti ilé ìdáná lọ tààrà sí yàrá tí Qàwíyyàt, ọmọ Sọ̀fíyátù tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn, ti ń sùn. Ọbẹ ló kọ́kọ́ bọ́ sí Sọ̀fíyátù lọ́wọ́, ó sì sáré wọ yàrá náà.

Ọmọ ti jí, ó jókòó. Ẹran náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti sọ ara rẹ̀ di àwọ̀ ẹní, àfi ojú méjì tó ń wò. Ọwọ́ rẹ̀ kan ti wé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ.

“Yéè! Ó ti mú un!”

Sọ̀fíyátù gé ọwọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ tó dà kò pupa, ó rí bí omi aró. Ẹran náà funfun báláú, ó fa ara rẹ̀ lọ sí kọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó gé kò tú ọmọ sílẹ̀. Ó tún ń fún mọ́ ọn ni. Sọ̀fíyátù gbé ọbẹ sókè lẹ́ẹ̀kejì.

“Àtáǹ! Dúró!” Ràshídátù ti dé ẹnu ọ̀nà. “Ṣé ẹsẹ̀ ọmọ lo fẹ́ gé ni?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí, kò fi í sílẹ̀!”

“Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní iyè tirẹ̀. Kò mọ̀ pé wọ́n ti gé òun.” Ràshídátù kúnlẹ̀, ó ń rọra ṣí i kúrò díẹ̀díẹ̀. “Omi ló ń wá kiri. Ọmọ rẹ tọ̀ sórí ẹní, ibi tó tutù ló bá wá. Ọkàn mẹ́ta ló ní, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ti máa lù kìkìkì báyìí.”

Àmì róbótó róbótó ló wà lẹ́sẹ̀ Qàwíyyàt, kò sí ọgbẹ́ kankan. Ìgbà náà ni Sọ̀fíyátù ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ohun tó rí nígbà tó wọlé: ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín.

Ó na ọwọ́ láti gbé e. Qàwíyyàt figbe ta, ó rá sẹ́yìn, ó di aṣọ Ràshídátù mú. Sọ̀fíyátù bojú wẹ̀yìn kó rí ohun tó dẹ́rù bà á, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó pẹ́ kó tó rántí ọbẹ ọwọ́ rẹ̀.