Títí Páálí Méjì Yóò Fi Tán

Muhammad Awwal, akọ̀wé kóòtù, túmọ̀ fọ́ọ̀mù náà sí Yorùbá kí n lè gbọ́ ohun tí mo fẹ́ fọwọ́ sí. "Orúkọ dìndìnrìn: Azeezah. Orúkọ ẹni tí yóò dúró fún dìndìnrìn náà: Abdulhaleem."

Azeezah, àbúrò mi, jókòó tì mí. Ó gbọ́. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì.

Bàbá wa ti kú, a sì ń pín ilé tó fi sílẹ̀ ní àdúgbò Gàmbàrí. Bí n kò bá fọwọ́ sí ìwé náà lọ́jọ́ yẹn, yàrá méjì tó tọ́ sí Azeezah yóò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀ ní kékeré, kò sì mọ̀wé kà. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún ẹ̀rọ fọ́tòkópì ṣe, bí mo bá tú ẹ̀rọ palẹ̀, òun ló mọ ihò tí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ti jáde. Èmi gan-an kò mọ̀ ọ́n.

Mo ní, "Ìwé Yorùbá tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn ní kí ẹ má lo ọ̀rọ̀ yìí mọ́."

"Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. 'Ẹni tó ní ìpèníjà ìdàgbàsókè' ni tuntun. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù àtijọ́ ò tíì tán. Ó ṣì ku páálí méjì."

"Àbúrò mi á wá máa jẹ́ dìndìnrìn títí páálí méjì á fi tán?"

"Ẹ má bínú. Ohun tí wọ́n bá ti tẹ̀ síbẹ̀, a kì í yí i."

Mo fa fọ́ọ̀mù náà mọ́ra. Níbi tí wọ́n ti tẹ '19' sílẹ̀ fún ọdún, Awwal ti fa ìlà gba orí rẹ̀, ó kọ '2025' sókè, ó sì buwọ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ta ló yí èyí?"

"Ìyẹn? Ọdún nìyẹn."

"Ẹ rí bírò yí ọdún. Ti èèyàn lẹ ò rí bírò yí."

Husseinat, akọ̀wé tó jókòó sí tábìlì kejì, rẹ́rìn-ín. "Awwal, wọ́n mú ẹ. Yí i fún wọn, jàre."

Awwal ń kùn, ó sì ń fa ìlà gba orí ọ̀rọ̀ náà níbi gbogbo tó wà, ó ń kọ tuntun sókè, ó ń buwọ́ lù ú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó na ìwé náà sí mi.

Azeezah wo ìrísí ọ̀rọ̀ tí Awwal fa ìlà sí, ó yí ìwé náà padà, ó fi ìka tẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. "Ó ku ìkan."

Ó ku ìkan lóòótọ́. Awwal fa ìlà sí i, mo sì fọwọ́ sí i.

Kí a tó dé ẹnu ọ̀nà, Awwal ti na ọwọ́ sínú páálí fọ́ọ̀mù àtijọ́ fún ẹni tó kàn.