Ohùn Tó Ń Sọnù Nínú Gbọ̀ngàn

Gbogbo àwọn tó wà lórí pèpéle ló ṣàdédé fọwọ́ di etí wọn. Onígìtá tẹrí ba bí ẹni tí wọ́n sọ òkò sí. Ragnfrid dúró sẹ́yìn tábìlì ẹ̀rọ tó fi ń darí ohùn, ó ń wò wọ́n, ó kọ́kọ́ rò pé eré ni wọ́n ń ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á," Jostein, ọ̀dọ́kùnrin tó ń bójú tó gbọ̀ngàn náà, kígbe láti ìdí káńtà.

Ó fa gbogbo bọ́tìnì wálẹ̀. Máìkì ló ti ń han gooro, òun kò sì gbọ́ nǹkan kan.

"Wáyà ni," ó ní. "Màá pààrọ̀ rẹ̀."

Kì í ṣe wáyà. Ní ìgbà ìwọ́wé tó kọjá ni dókítà ti fi ìlà kan hàn án lórí bébà, ìlà tó ń lọ geere kó tó já wálẹ̀ bí ẹni tó ré bọ́ lórí àpáta. Gbogbo ìró tó bá tín-ín-rín ti kúrò ní etí rẹ̀: orin ẹyẹ, agogo kékeré, ìparí ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn. Ọgbọ̀n ọdún nídìí sípíkà ló fà á. Kò sọ fún ẹnì kankan ní ìlú Måløy létí òkun yìí. Iṣẹ́ mìíràn wo ló mọ̀? Ó fẹ̀jẹ̀ sínú, ó ń tu itọ́ funfun.

"Báwo ló ṣe rí?" Eldbjørg, olórin wọn, bi í láti orí pèpéle. Obìnrin náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ohùn rẹ̀ kì í ga, ọ̀rọ̀ inú orin rẹ̀ ni àwọn èèyàn máa ń tìtorí rẹ̀ wọkọ̀ ojú omi wá.

"Ó dára, ẹ̀gbọ́n."

Ilé tí wọ́n ń kó ẹja oníyọ̀ sí ni gbọ̀ngàn náà nígbà kan. Òkúta ni ògiri rẹ̀. Bí èèyàn bá pàtẹ́wọ́ níbẹ̀ lófìfo, ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò gbọ́ ọ padà. Ragnfrid gbọ́kàn lé àwọn tó ń bọ̀. Igba èèyàn pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù wọn máa ń gbé ìró mì ju aṣọ ìkélé lọ.

Ní aago mẹ́rin ọ̀sán ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Orin kejì kò tíì parí tí àwọn tó wà lẹ́yìn fi ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tó di ẹ̀kẹrin, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, ife ń kan ife. Ragnfrid gbé ohùn Eldbjørg sókè. Àwọn náà gbé tiwọn sókè. Ó tún gbé e. Ìyá arúgbó kan ní ìlà kẹta yọ ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kúrò ní etí rẹ̀, ó jù ú sínú báàgì.

Ragnfrid fi tábìlì sílẹ̀, ó rìn lọ sẹ́yìn. Bàbá kan tó wọ súwẹ́tà onírun àgùntàn ń bá Terje, aládùúgbò rẹ̀, sọ̀rọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ṣé orin náà kò dùn mọ́ yín ni?"

Ojú ti bàbá náà. "Mi ò lè sọ bóyá ó dùn, ọmọ mi. Ariwo ni mò ń gbọ́, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Ó dà bíi pé inú àgbá ló ti ń kọ ọ́. Bí mi ò bá sì gbọ́ tirẹ̀, kí n kúkú gbọ́ ti Terje."

Nígbà ìsinmi, bí àwọn èèyàn ti ń tò síbi kọfí, Ragnfrid kọjá sí yàrá ẹ̀yìn. Eldbjørg ti bọ́ bàtà. Ó ń ká bébà orin rẹ̀ sínú àpò.

"Sọ fún Jostein kó bá mi bẹ̀ wọ́n," ó ní. "Mi ò padà síbẹ̀ mọ́."

"Kí ló dé?"

"Ìwọ náà mọ̀. Láti ìgbà ìwọ́wé, gbogbo ibi tí èmi pẹ̀lú rẹ bá dé ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lé mi lórí. Ohùn mi ti lọ. Ojú àánú ni kò jẹ́ kí o sọ fún mi. Tí mo bá bi ọ́, o ó ní ó dára."

Ragnfrid lè di ẹ̀bi náà ru ògiri òkúta. Ó lè dì í ru àwọn tó wà lẹ́yìn. Jostein ti wọlé pẹ̀lú ife kọfí méjì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Kò sóhun tó ṣe ohùn yín, ẹ̀gbọ́n," Ragnfrid ní. "Etí mi ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀: dókítà, ìlà orí bébà, wáyà tí kì í ṣe wáyà. Nígbà tó dákẹ́, ó ń retí ìbínú. Èjìká Eldbjørg bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó sì wá hàn pé ẹ̀rín ló ń rín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Oṣù márùn-ún ni mi ò ti sùn dáadáa," ó ní. "Etí tìẹ ló kú, mo wá ń ṣọ̀fọ̀ ohùn tèmi." Ó nu ojú. "Màá bínú sí ọ, àmọ́ ó di ọ̀la. Ta ló ní etí níbí?"

Jostein gbé ife kan sókè díẹ̀. "Èmi gbọ́ igbe máìkì lẹ́ẹ̀kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya mí létí."

Nígbà tí wọ́n padà bẹ̀rẹ̀, Jostein ti káńtà pa, ó pa fíríìjì tó ń kùn, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ragnfrid.

"Ẹ dín in kù," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìró tó nípọn ń hó bíi ẹ́ńjìnnì."

Ó dín in kù.

"Ẹ tún dín gbogbo rẹ̀ kù. Ẹ wá fi díẹ̀ kún ìró tó tín-ín-rín. Díẹ̀ sí i. Ó tó. Mo ti ń gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀."

Etí Jostein ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ Ragnfrid mọ ọ̀nà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó sì ti ń fi agbára mú un láti oṣù márùn-ún. Eldbjørg náà mọ̀ ọ́n lára, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ní láti dákẹ́, wọ́n sì ń dákẹ́, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ó fi kan ògiri ẹ̀yìn. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níbẹ̀; Terje fi ìgúnpá gún un.

Orin tó kẹ́yìn parí lórí okùn gìtá kan ṣoṣo. Ní etí Ragnfrid, ó ti tán, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mira. Ó wo Jostein. Jostein na ìka kan sókè.

"Ó ṣì kù," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó ṣì kù."

Jostein wá gbé ìka náà wálẹ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ wá bo gbogbo gbọ̀ngàn kí ẹnikẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ragnfrid tẹ́tí sí i. Ó gbọ́ ọ bí gbogbo wọn ṣe gbọ́ ọ, kò sì sí ohun tó dín nínú rẹ̀.