Ta Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Kíni?

Láti ìgbà òtútù ni mo ti ń wọ subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, láti ilé mi ní Castle Hill lọ kọ́ èdè Finland ní Manhattan, láràárọ̀ Sátidé, bí mo bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ náà dá wa dúró sínú ihò títí òtútù fi wọ inú ìbọ̀sẹ̀ mi. Nítorí Oyíndà, ọmọ Démi ọmọ mi obìnrin, ni mo ṣe ń kọ́ èdè náà. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, Finland ni wọ́n bí i sí, èdè Finland tí bàbá rẹ̀ ń sọ nìkan ló gbọ́. Mo fẹ́ kó bá mi sọ̀rọ̀.

Danielle, olùkọ́ wa, ní vesi ni omi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń mu omi díẹ̀, vettä ni. Bí n kò bá mu omi rárá, vettä náà ni.

“Omi tí mo mu àti èyí tí n kò fẹnu kàn, kí ló pa wọ́n pọ̀?”

“Bó ṣe rí nìyẹn, Mama. Ẹ ṣáà há a sórí.”

Ohun tí olùkọ́ ìṣirò wí fún mi nílé ẹ̀kọ́ alẹ́ nìyẹn, kí n tó gba òdo.

Danielle ní ìkíni pàápàá ń lo irú ìrísí ọ̀rọ̀ yẹn: hyvää huomenta, ẹ káàárọ̀. Ìfẹ́ náà ń lò ó: rakastan sinua, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mo ń kà á sókè bí mo ti ń wẹ̀ fún ìyá arúgbó tí mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí òun gbọ́ tẹlifíṣọ̀n.

Sátidé tó kọjá, mo délé, mo pè wọ́n lórí fídíò. Démi gbé fóònù síwájú Oyíndà. Ọmọ náà ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Mo ń dúró kó kúnlẹ̀, tàbí kó ṣáà wí nǹkan, torí àgbà kì í kọ́kọ́ kí ọmọdé. Gbólóhùn mi ti wà lẹ́nu. Ó wò mí títí, ó bá tirẹ̀ lọ.

“Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?”

“Kò kí mi.”

“Ẹ̀yin lẹ pè. Ó ń dúró dè yín ni. Níbí, ẹni tó bá pè ló ń kọ́kọ́ kíni.”

“Ta ló yẹ kó kọ́ ọ níwà ilé wa?”

“Mọ́mì, ó ti rẹ̀ mí. Ṣé kí n pè é padà àbí kí n fi í sílẹ̀?”

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ pa fóònù. Mo rántí ọkọ̀ inú ihò yẹn.

“Pè é.”

Ó padà wá, ó mú bísíkíìtì lọ́wọ́. Mo gbé iyì mi mì.

“Hyvää huomenta, Oyíndà.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Mummo, nyt on ilta.”

Démi túmọ̀ rẹ̀: “Ó ní, màmá àgbà, alẹ́ ti lẹ́ níbí.”

Àárọ̀ ṣì ni lọ́dọ̀ mi. Oyíndà ní kí n sọ pé hyvää iltaa, ẹ káalẹ́. Mo sọ ọ́. Ó mi orí, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo tún un sọ. Èmi tí mò ń retí ìkíni, èmi ni mò ń kí ọmọ ọdún márùn-ún títí bísíkíìtì rẹ̀ fi tán.