Funfun Inú Ẹnu Aránṣọ

"Ṣé ẹlòmíì lo ti rí ni?"

Káfíńtà náà dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ò gbójú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, áńkáṣíìfù ló fi bo ẹnu. Láti ọjọ́ mélòó kan ló ti ń yíjú kúrò bí káfíńtà bá ti sún mọ́ ọn.

"Kò sẹ́nì kankan."

"Kí ló wá dé? Àbí ẹnu mi ń rùn?"

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa aránṣọ náà, ẹkún náà sì ń bọ̀. Ẹnu tirẹ̀ gan-an lọ̀ràn wà. Ohun funfun kan bíi wàrà tó dì ti bo ahọ́n rẹ̀. Bó bá ha á, ẹ̀jẹ̀ ni. Ó sì ti gbọ́ pé àrùn éèdì máa ń mú irú ẹ̀ wá. Ọkàn rẹ̀ dàrú débi pé ó ti rán apá aṣọ oníbàárà mọ́ ọrùn.

"Jọ̀ọ́, máa lọ. Bóyá ká tiẹ̀ fi ìgbéyàwó yìí sílẹ̀."

Káfíńtà yí padà, ó lọ. Bó ṣe ń rìn lọ, àfi bíi pé àyà aránṣọ ló ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Aránṣọ ò lè jókòó mọ́. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó gba ilé ìwòsàn lọ. Nọ́ọ̀sì àgbà tan iná sí i lẹ́nu.

"Mọ̀lẹ́bí ohun tó ń mú búrẹ́dì bu nìyí. Ó wà lẹ́nu èmi náà."

"Ẹ̀yin náà, màámi?"

"Lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn ọmọ ogun ara ló ń ṣọ́ ọ kó má bàa gbilẹ̀. Oògùn wo lò ń lò?"

"Èyí tí mò ń fín sọ́fun nítorí ikọ́ fée."

"Ṣé o ń fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn ẹ̀?"

"Há! Kí n wá fọ oògùn dànù? Mi kì í tiẹ̀ mu omi lẹ́yìn ẹ̀!"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí. "Èyí tó máa dé àyà ti dé ibẹ̀, ọmọ mi. Èyí tó kù lẹ́nu ló ń mú kí àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn máa tòògbé. Máa yọ ẹnu, kó o tu omi náà dànù. Má fi oògùn ikọ́ sílẹ̀ o! Màá fún ẹ ní èyí tí wàá máa kán sẹ́nu. Ṣùgbọ́n torí ẹ̀rù tó ń bà ọ́, a ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Na apá wá kí n gbà á, kó o wá lọ dúró de èsì níta."

Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Ó lè dúró kí èsì kọ́kọ́ dé, kó tó mọ ohun tí yóò sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ó mú fóònù.

"Ọkọ mi, ilé ìwòsàn ni mo wà. Mi ò tíì mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wá wo ẹnu mi."

Ó tẹ fóònù mọ́ etí. Ó gbọ́ tí ayùn tó ń ké lẹ́yìn káfíńtà dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹsẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.